Bí a ṣe ń kọ subtitle Gẹ̀ẹ́sì sí fíìmù Yorùbá tó ń lọ sí ilé sinimá

Tí fíìmù Yorùbá bá dé ilé sinimá ní London, fíìmù èdè àjèjì ló dà níbẹ̀, bíi ti Kòríà tàbí ti Faransé. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì lè jẹ́ òyìnbó tó tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Ní Èkó pàápàá, Ìgbò, Haúsá àti Ẹ̀dó wà lórí ìjókòó. Ojú ni gbogbo wọn fi ń gbọ́ fíìmù náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa fi tún lè ba subtitle, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán, jẹ́ pátápátá: aago ló ń darí iṣẹ́ náà. Iye lẹ́tà tí ojú lè kà kí òṣèré tó pẹnu dé, àyè tí ẹ ní nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa kó kalẹ̀ kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ́àpíìsì tó dára, àti Subtitle Edit tàbí Aegisub, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ subtitle. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. DCP-o-matic ni ẹ máa fi di ẹrù náà fún sinimá níkẹyìn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́: ẹni tí òwe àti ẹ̀ka èdè Yorùbá kò ṣàjèjì sí, àti ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ti ẹnì kejì yẹn, a máa débẹ̀. Fíìmù oníwákàtí kan ààbọ̀ tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ lè gba subtitle bí ẹgbẹ̀rún kan. Bí máákẹ́tà bá ní kí ẹ parí rẹ̀ lálẹ́ ọ̀la, ẹ sọ fún un pé ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

1. Ẹ má fọwọ́ kàn án kí gígé fíìmù tó parí

Èdítọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé òun kò ní yọ nǹkan kan mọ́, òun kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Bó bá yọ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ní ìṣẹ́jú kẹwàá fíìmù, gbogbo subtitle tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ á máa fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta pẹ́ dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: férémù (ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó tò lé ara wọn di fíìmù) mélòó nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan? Ẹ má gba "bó ṣe máa ń rí náà ni" lẹ́nu rẹ̀. Kámẹ́rà púpọ̀ ní Nàìjíríà ń ya 25, nítorí iná wa jẹ́ 50 Hz. Sinimá ń fẹ́ 24. Àwọn server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé fíìmù jáde ní sinimá, ń gba 25, ṣùgbọ́n ẹ má fi fíìmù yín ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn. Bí wọ́n bá fa 25 wá sí 24, wákàtí kan á di ìṣẹ́jú 62 àtààbọ̀. Fíìmù oní ìṣẹ́jú 90 á di ìṣẹ́jú 93 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45. Subtitle gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Nínú Subtitle Edit, "Change frame rate" ni ẹ máa tẹ̀, láti 25 sí 24. Ohùn á relẹ̀ díẹ̀ bí wọn kò bá tún un ṣe, àmọ́ Yorùbá ò ní tìtorí ìyẹn dàrú: ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ jọ sọ̀ kalẹ̀ ni, gángan á ṣì máa wí ohun tó ń wí.

2. Ẹ kọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ ná, pẹ̀lú àmì

Ìwé eré tí wọ́n fi ya fíìmù kò tó. Òṣèré Yorùbá kì í sábà sọ ohun tó wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Láti ayé alárìnjó ni wọ́n ti ń fi ti ẹnu ara wọn kún un. Ẹ gbọ́ fíìmù náà, kí ẹ kọ ohun tó jáde lẹ́nu wọn gan-an.

Kí àmì ohùn wà lórí rẹ̀, pàápàá bí ẹni tó gbọ́ ọ sílẹ̀ bá yàtọ̀ sí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. "Oko mi da?" lórí ìwé lè jẹ́ ọkọ mi, ọkọ́ mi, ọkọ̀ mi tàbí oko mi. Àgbẹ̀bìnrin tó ń wá ohun tó fẹ́ fi kọ ebè á wá di ìyàwó tó ń wá ọkọ lójú gbogbo àwọn tó jókòó. Bí ẹnìkan bá ń sọ Ìjẹ̀bú, Oǹdó tàbí Ìgbómìnà nínú fíìmù, ẹ wá ọmọ ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ méfò.

Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ yìí máa ní àkókò, orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tó ń bá wí, kí ọ̀rọ̀ náà tó tẹ̀lé e. Orúkọ ẹni tó ń bá wí yẹn dà bí àṣejù, ṣùgbọ́n láìsí i, ẹ kò ní mọ "ẹ" tó jẹ́ ti àgbà yàtọ̀ sí "ẹ" tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí ẹ bá jókòó ti ìtúmọ̀ lóru.

3. Ìgbà tí yóò wọlé àti ìgbà tí yóò jáde

Ẹ ṣí fíìmù náà nínú Subtitle Edit kí ìgbì ohùn rẹ̀ hàn nísàlẹ̀. Subtitle á wọlé níbi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè dúró tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu òṣèré. Èyí tó kúrú jù kò gbọdọ̀ dín ní férémù 20. Èyí tó pẹ́ jù kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 7 lọ, torí bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ojú á padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi férémù méjì sílẹ̀ láàárín subtitle kan àti èyí tó tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, olùwòran kì í mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Níbi tí àwòrán ti yí láti ìran kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí subtitle ti kúrò ní férémù méjì ṣáájú. Èyí tó bá rékọjá, ojú á rò pé tuntun ni, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

4. Gígé ọ̀rọ̀: ibi tí iṣẹ́ wà

Ìlà méjì péré. Lẹ́tà 42 lórí ìlà kan. Lẹ́tà 17 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, àlàfo àti àmì ìdánudúró sì wà nínú kíkà. Àwọn kan máa ń lọ dé 20. Fún sinimá, níbi tí aṣọ tí fíìmù ń hàn lórí rẹ̀ ti fẹ̀ tí ojú sì ń rìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, 17 la fara mọ́. Subtitle Edit máa ń ka iye yìí fúnra rẹ̀, á sì pa á láwọ̀ pupa bó bá kọjá òdiwọ̀n tí ẹ fi sí i.

Ẹ wo ìkíni kan. Ìyá wọlé, ó ní: "Ẹ kú ilé o, ẹ kú àtàná, ṣé dáadáa la bá yín?" Ó sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì àtààbọ̀. 17 lọ́nà méjì àtààbọ̀ jẹ́ lẹ́tà 42, ìyẹn ìlà kan péré. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn á kọ "Greetings to you at home, greetings since yesterday, I hope we find you well?" Lẹ́tà 77 nìyẹn, ó ń fẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin àtààbọ̀. Ìyá á ti jókòó, á ti gba omi mu, kí wọ́n tó kà á tán. "Good evening. Is all well here?" jẹ́ lẹ́tà 31. Ó wọlé, ó sì jẹ́ kí ojú ráyè wo bí ìyàwó ilé ṣe kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló gbé ìyókù ìkíni náà.

Ohun tí ara òṣèré bá ti sọ, ẹ má tún un kọ. "Háà!", "Yéè!", "Dúró, dúró, dúró!": ẹ̀ẹ̀kan ti tó, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀.

Òwe ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn kan máa ń wá òwe Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí baálẹ̀ tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi odán kò lè máa fọ òwe àwọn atukọ̀ òyìnbó. Ẹ mú àwòrán inú òwe náà, kí ẹ bọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́" lè di ìlà méjì: "With elders in the market," lókè, "no baby's head hangs askew." nísàlẹ̀. Lẹ́tà 53, bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, bó ṣe máa ń pẹ́ lẹ́nu àgbà náà nìyẹn. Ẹ kíyè sí ibi tí ìlà ti gé: níbi èémí. Ẹ má gé e síbi tí "the" á wà lókè tí "market" á bọ́ sí ìsàlẹ̀.

Arọ́pò orúkọ wa, "ó", kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n. Bí fíìmù bá ń fi apànìyàn pamọ́ tí ẹnìkan sì sọ pé "Ó ti wọlé", tí ẹ bá kọ "She is inside", ẹ ti tú àṣírí tí olùdarí fi wákàtí kan dì. "Someone's inside" kò tú nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo fíìmù dé òpin kí ẹ tó túmọ̀ ìlà àkọ́kọ́.

Orúkọ ìbátan náà máa ń dẹkùn síbi tí ẹ kò fojú sí. Àbúrò ọkọ tó jẹ́ obìnrin á pe ìyàwó ilé ní "ìyàwó mi". Ìyàwó náà á pe ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà inú ilé ọkọ ní "ọkọ mi". Kọ "my wife" àti "my husband" síbẹ̀, kí ẹ wo bí ilé sinimá ṣe máa kùn. Ẹ lo orúkọ èèyàn náà, tàbí "our bride".

"Ẹ" àti "o" ló le jù. Ọmọ iṣẹ́ tó ti ń sọ "Kí lẹ wí, sà" láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kọjú sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní "Kí lo wí?" Ọmọ Yorùbá á mí kanlẹ̀. "What did you say?" kò mí ohunkóhun kanlẹ̀. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti máa tọ́jú rẹ̀: kí "sir" wà lẹ́nu ọmọ náà ní gbogbo ìran ìṣáájú, kí ó wá pòórá níbí, kí orúkọ ọ̀gá sì bọ́ sípò rẹ̀: "What did you say, Lamidi?" Gbogbo ayé ló mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nígbà yẹn.

Oríkì, ẹkún ìyàwó, ìjálá: ẹ má lé gbogbo ìlà. Á pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Ẹ mú ìlà kan nínú mẹ́ta, èyí tó bá ìtàn náà mu, kí ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà dídà (italics), kí àwọn tó kù jẹ́ orin létí. Ìlù náà bẹ́ẹ̀. Bí gángan bá sọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sì dá a lóhùn tàbí tó bínú sí i, ẹ túmọ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà dídà. Bó bá kàn ń ṣe ayẹyẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwàdà: ojú máa ń yára ju etí lọ. Bí ìbẹ́ ẹ̀rín bá wà ní ìlà kejì subtitle kan náà, àwọn tó ń kà á máa rẹ́rìn-ín kí òṣèré tó sọ ọ́. Ẹ pín in sí subtitle méjì, kí èkejì wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín gan-an.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ nínú fíìmù kò nílò subtitle bó bá ṣe kedere. Pidgin nílò rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Bí ẹ bá sì ní Oscar lọ́kàn, ẹ ka iye Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù yín kí ẹ tó yà á. Ẹ̀ka fíìmù àgbáyé ń fẹ́ kí ohun tó ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ jẹ́ èdè mìíràn, ohun tó sì yọ Lionheart, fíìmù Nàìjíríà, kúrò ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 nìyẹn.

5. Lẹ́tà, àwọ̀, àti ibi tí yóò jókòó

Funfun, pẹ̀lú ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yíká lẹ́tà. Fíìmù wa kún fún léèsì funfun àti agbádá. Lẹ́tà funfun tí kò ní ìlà á rì sínú aṣọ ọkọ ìyàwó, pàápàá ní ìran ìgbéyàwó tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Funfun tó mọ́lẹ̀ jù á máa ta ojú nínú òkùnkùn, ẹ dín in kù díẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tó ń na àwọn ènìyàn lówó. Fíìmù tí wọ́n ṣe fífẹ̀ máa ń ní ọ̀pá dúdú lókè àti nísàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Èdítọ̀ á rí i pé àyè dúdú náà mọ́, á gbé subtitle síbẹ̀. Ó dára lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní sinimá, àwòrán scope (ti fíìmù fífẹ̀ yẹn) jẹ́ 2048 × 858, kò sí ọ̀pá dúdú nínú rẹ̀. Wọ́n á gé e kúrò, subtitle á sì bá a lọ. Inú àwòrán gan-an ni kó wà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀. Bí orúkọ ẹnìkan tàbí déètì bá ti wà nísàlẹ̀ àwòrán, ẹ gbé subtitle yẹn lọ sókè.

Ẹ tọ́jú fáìlì SRT, ìyẹn fáìlì tí ọ̀rọ̀ subtitle àti àkókò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ní UTF-8, ètò kóòdù tó mọ lẹ́tà Yorùbá. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi àmì sórí orúkọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Lẹ́tà bíi "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lọ́tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn. Projẹ́kítọ̀ mìíràn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo hàn. Fọ́ǹtì Charis SIL, Gentium àti Noto Sans mọ̀ ọ́n tò. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ tẹ subtitle mọ́ àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ Adesina láìsí àmì, kí ó sì jẹ́ Adesina láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Shola ní ìṣẹ́jú karùn-ún kò gbọdọ̀ di Sola ní ìṣẹ́jú ogójì.

6. Dídi ẹrù fún sinimá

DCP ni ilé sinimá ń gbà, ìyẹn fódà tí àwòrán, ohùn àti subtitle wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ẹ bá tẹ subtitle mọ́ àwòrán, kò sẹ́ni tó lè gbàgbé láti tàn án, àmọ́ ẹ kò lè yọ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá fi í sí fáìlì ọ̀tọ̀, àwòrán kan náà lè gba Gẹ̀ẹ́sì fún London àti Faransé fún Cotonou àti Paris. Ewu rẹ̀ ni pé server ló máa kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, bí oníṣẹ́ projẹ́kítọ̀ bá sì mú ẹ̀dà tí kò ní subtitle, ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan kan. Fọ́ǹtì tí ẹ bá fi sínú DCP Interop, irú DCP àtijọ́, kò gbọdọ̀ ju 640 KB.

Orúkọ fódà náà ń sọ̀rọ̀. Èdè fíìmù ló ń ṣáájú, ti subtitle á tẹ̀lé e. Nínú FR-EN (fíìmù Faransé, subtitle Gẹ̀ẹ́sì), lẹ́tà ńlá fi hàn pé subtitle Gẹ̀ẹ́sì wà ní fáìlì ọ̀tọ̀. Nínú FR-en, lẹ́tà kékeré fi hàn pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. XX túmọ̀ sí pé kò sí subtitle. Ẹ má fi orúkọ bíi "final final 3" ránṣẹ́ sí ilé sinimá.

DCP-o-matic ní irinṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sórí dísíìkì ní ext2, ìrísí tí server sinimá ń kà. Dísíìkì tí ẹ fi Windows ṣe ní NTFS lè ṣiṣẹ́ níbì kan kó kọ̀ níbòmíràn. Ẹ̀dà tó ní subtitle ni kí ẹ fún àwọn àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB ní Nàìjíríà àti BBFC nílùú ọba, láti wò.

Bí ẹ bá ti fíìmù pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, KDM, wà fún server kan pàtó àti fún wákàtí kan pàtó. Tí wọ́n bá gbé fíìmù láti gbọ̀ngàn 2 lọ sí gbọ̀ngàn 5, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní ṣí i. Ẹ sì ṣọ́ aago: nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú London; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjèèjì dọ́gba.

7. Ìdánwò

Ẹ pe ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yẹn wá nísinsìnyí. Kó wo fíìmù náà láìdúró, lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, kó jókòó jìnnà. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ kọ àkókò ibi tó ti sún iwájú, tó ti dijú wò, tó ti rẹ́rìn-ín ṣáájú tàbí tí kò rín rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: ta ni ọmọ ta? Kí ló dé tí wọ́n bínú síra wọn nídìí kànga? Níbi tó bá ti ṣì í, subtitle ló jẹ̀bi, kì í ṣe òun.

Ní ilé sinimá, ẹ wo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ibìkan ní àárín, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn. Bí subtitle bá ti kọ́kọ́ dára tó wá ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, iye férémù ló yàtọ̀: ti 25 tí wọn kò fà dé 24 á fi ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ yára ju ọ̀rọ̀ lọ lẹ́yìn wákàtí kan, ti 23.976 pẹ̀lú 24, ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 péré. Bó bá fi iye kan náà kúrò níbi ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnìkan ti fi àmì iléeṣẹ́ kún iwájú fíìmù. Bó bá dára dé ibì kan tó sì fò lójijì, wọ́n ti gé nǹkan kúrò níbẹ̀ láìsọ fún yín.

Àtúnṣe kò ní kí ẹ tún gbogbo DCP ṣe bí subtitle bá wà ní fáìlì ọ̀tọ̀. Ẹ ṣe VF, ẹ̀dà kékeré tó gbé subtitle tuntun nìkan, tó sì ń lo àwòrán àti ohùn tó ti wà lórí server. Ẹ pe oníṣẹ́ projẹ́kítọ̀ lórí fóònù, kí ẹ sọ fún un pé kó má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí ìyẹn bá ti lọ, VF kò ní ohun tó máa gùn lé.